Irin lágbára, ẹsẹ̀ férémù ṣì lè yẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ń ya àwòrán férémù irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tí yóò gbé ẹ̀rọ tó wúwo lórí. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 4. N kò fi irin kankan gba láti igun dé igun ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kọ̀ǹpútà ní ìnira inú ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí irin náà lè fara dà. Ó tún fún mi ní nọ́ńbà buckling: 2.4. Lójú tèmi, iṣẹ́ ti parí. Ọ̀gá mi wo àwòrán náà, ó mirí, ó ní kò dá òun lójú, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni wọ́n rí tí èmi kò rí?"

Àbúrò mi, ohun tí ọ̀gá rẹ rí ni ẹsẹ̀ mẹ́rin tí kò sí ohun tó dì wọ́n mú kí wọ́n má baà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màá dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rẹ ti to ohun méjì sójú ewé kan ṣoṣo bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n, ó sì yẹ ká kọ́kọ́ yà wọ́n.

Ọ̀kan ni ìnira inú irin, èyí tí ìwé ń pè ní stress. Ohun tó ń bèèrè ni pé: ṣé irin yìí yóò juwọ́ sílẹ̀? Èkejì ni ìdúróṣinṣin, ìbéèrè tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá: bí nǹkan kan bá ta òpó yìí díẹ̀ kúrò níbi tó dúró sí, ṣé yóò padà, àbí ńṣe ni yóò máa lọ? Ìnira inú irin lè kéré jọjọ, kí irin náà sì máa lọ láìpadà.

Mú rúlà onírọ́bà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Gbé e nàró sórí tábìlì, kí o máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní ṣe nǹkan kan. Tó bá yá, àárín rẹ̀ yóò yọ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Gbé ọwọ́ kúrò, yóò padà gún régé. Kò fọ́, kò sán, kò sí àpá kankan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti yọ síta yẹn ni kò ti lè gba ẹrù kún ẹrù mọ́. Òun ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní buckling. Yíyẹ̀ ni màá máa pè é níhìn-ín, nítorí bí ẹsẹ̀ ṣe ń yẹ̀ mọ́ ènìyàn lára gan-an ló ṣe ń ṣẹlẹ̀: egungun kò dá, ẹni náà sì ti wà nílẹ̀.

Ó yá, nọ́ńbà. Ká ní a mú ọ̀pá irin roboto kan, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 20, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 2, tí orí àti ìdí rẹ̀ sì lè yí bí ẹni pé híńjì ló gbé e. Irin lásán ni, irú èyí tó ń juwọ́ sílẹ̀ ní megapascal 250 (megapascal ni ìwọ̀n tí a fi ń ka ìnira). Bó bá jẹ́ pé fífọ́ nìkan là ń bẹ̀rù, ọ̀pá yìí yóò gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 8. Ṣùgbọ́n yóò yẹ̀ nígbà tí ẹrù orí rẹ̀ bá tó kílò 395. Kò tó ìdá kan nínú ogún. Ní àkókò tó ń yẹ̀ yẹn, ìnira inú rẹ̀ jẹ́ megapascal 12 péré. Bó bá jẹ́ àwòrán aláwọ̀ inú kọ̀ǹpútà ni, àwọ̀ búlúù tó tutù jù lọ ni wọn ìbá fi kùn ún. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́ta tó fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ yẹn kò tíì sọ ohunkóhun nípa ohun tí ọ̀gá rẹ ń bèèrè.

Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gbé ìṣirò yíyẹ̀ jáde ní 1744. Ṣáájú rẹ̀, ní 1729, Pieter van Musschenbroek ní Nẹ́dálándì ti fi ẹrù tẹ ọ̀pá igi, ó sì ti rí i pé bí gígùn ọ̀pá bá di ìlọ́po méjì, ẹrù tó lè gbé kó tó yẹ̀ á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Euler fi ìṣirò hàn pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lọ́rọ̀ ẹnu, ohun tó sọ ni pé: mú bí ohun èlò náà ṣe gan tó, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó ń sọ bí ohun èlò òpó náà ṣe tàn kálẹ̀ kúrò ní àárín rẹ̀, tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 9.87, kí o wá fi gígùn lọ́nà méjì, ìyẹn gígùn tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, pín in. Gígùn lọ́nà méjì yìí ló ń pa àwọn ènìyàn.

Wo ìṣirò náà dáadáa kí o rí ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ibi tí irin ti ń juwọ́ sílẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Gígan ló wà níbẹ̀, agbára kò sí. Irin olówó gọbọi tó ń juwọ́ sílẹ̀ ní megapascal 460 kò fi bẹ́ẹ̀ gan ju irin lásán ti 250 lọ. Nǹkan bíi megapascal 200,000 sí 210,000 ni gígan àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá rí i pé òpó tín-ín-rín òun fẹ́ yẹ̀, tó wá lọ ra irin tó lágbára jù, owó rẹ̀ ló fi ṣòfò. Mo sọ èyí nítorí pé ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ọ̀dọ́ ẹnjiníà nìyẹn, ó sì wá sọ́kàn èmi náà rí. Ní ti alumíníọ́mù, gígan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin. Òpó kan náà tí a bá fi alumíníọ́mù ṣe á yẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta ẹrù náà, bó ti wù kí alumíníọ́mù ọ̀hún lágbára tó.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ gidi ni títan irin kálẹ̀. Mú irin inú ọ̀pá mílímítà 20 yẹn, má fi ohunkóhun kún un, sọ ọ́ di páìpù tí ìbú ìta rẹ̀ jẹ́ mílímítà 60, tí ògiri rẹ̀ sì nípọn ní mílímítà 1.7. Ìṣirò Euler yóò sọ pé agbára rẹ̀ láti dènà yíyẹ̀ ti di ìlọ́po 17: láti kílò 395 ó di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6.7. Tí inú rẹ bá dùn tí o sì sọ pé kí ó kúkú di mílímítà 200, ìwé yóò fún ọ ní ìlọ́po 199. Ṣùgbọ́n ògiri páìpù náà á ti di ìdajì mílímítà, kí òpó sì tó ronú àtiyẹ̀, ògiri yẹn á ti rún bí agolo ohun mímu tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Yíyẹ̀ kékeré ń bẹ nínú yíyẹ̀ ńlá. Màá padà sórí rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ni ìṣòro rẹ lónìí.

Ìṣòro rẹ lónìí wà ní orí àti ìdí àwọn ẹsẹ̀ yẹn.

Gígùn tó wà nínú ìṣirò kì í ṣe gígùn tí o fi téépù wọ̀n. Gígùn tí òpó ń hù bí ẹni pé òun ní ni, mo sì máa ń pè é ní gígùn ìhùwà. Ọ̀pá mílímítà 20 wa, tí híńjì wà ní orí àti ìdí rẹ̀, ń hùwà bí mítà 2: kílò 395. Bí a bá di orí àti ìdí rẹ̀ mú gbọn-in kí wọ́n má lè yí, tí orí kò sì lè rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa hùwà bí ẹni pé mítà 1 péré ni: kílò 1,580. Bí a bá di ìdí mú, tí a fi orí sílẹ̀ kó máa fì bí igi àsíá, á máa hùwà bí mítà 4: kílò 99. Ọ̀pá kan náà ni, irin kan náà, gígùn kan náà lójú téépù. Láti 1,580 sí 99, ìlọ́po 16 ló wà láàárín wọn, ohun tó sì fà á kò ju bí a ṣe di igun mú.

Wàyí o, férémù tìrẹ. Kò sí irin tó gba igun dé igun, nítorí náà gbogbo orí rẹ̀ pátá lè rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, tòun ti ẹ̀rọ tó gbé. Ká gbà pé bíìmù òkè gan gidi. Bí ìdí ẹsẹ̀ bá dì mọ́ ilẹ̀ débi pé kò lè yí rárá, gígùn ìhùwà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á bá gíga rẹ̀ dọ́gba: mítà 4. Bí ìdí bá lè yí bíi híńjì, gígùn ìhùwà á di mítà 8. Ìlọ́po méjì gígùn, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára. Mo fẹ́ kí o padà sí kọ̀ǹpútà kí o wo ohun tí o sọ fún un nípa ìdí ẹsẹ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ "dídì pátápátá" lo sọ, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe, 2.4 rẹ, ìyẹn iye ìlọ́po ẹrù rẹ tí férémù lè gbé kó tó yẹ̀, wà lórí àdéhùn yẹn nìkan. Yí i padà sí híńjì, nọ́ńbà náà lè já bọ́ sí 0.6. Ìtumọ̀ 0.6 sì ni pé kí ẹ̀rọ tó jókòó tán lórí férémù, férémù ti lọ.

Ìdí ẹsẹ̀ gidi kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn. Irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí bóòtù mẹ́rin dè mọ́ kọnkéré, tí àwọn bóòtù náà sì sún mọ́ ara wọn lábẹ́ ẹsẹ̀, sún mọ́ híńjì ju bí àwòrán ṣe ń fi hàn lọ. Kó tó lè jẹ́ dídì, irin abẹ́ ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, bóòtù gbọ́dọ̀ jìnnà síra, kọnkéré náà kò sì gbọdọ̀ yí lórí ilẹ̀ tó gbé e. Mo fura pé ibẹ̀ ni ojú ọ̀gá rẹ dúró sí tó fi mirí.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Fi irin ìdìmú sí i, ìyẹn irin tó gba láti igun ìsàlẹ̀ dé igun òkè. Ní kété tí orí férémù kò bá lè rìn mọ́, gígùn ìhùwà ẹsẹ̀ tó ní híńjì nísàlẹ̀ kò ní ju mítà 4 lọ, bíìmù òkè tó gan sì lè sọ ọ́ di nǹkan bíi mítà 2.8. Nọ́ńbà 0.6 yẹn á di 2.4 ó kéré tán, ó sì lè sún mọ́ 4.9, láìfi kílò kan kún àwọn ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀. Fi ìdìmú onígun-dé-igun sí ẹ̀gbẹ́ méjì tó kọjú síra tí wọn kì í gbà. Ní ẹ̀gbẹ́ méjì tí wọ́n ń gbà, fi irin kúkúrú há igun òkè, láàárín ẹsẹ̀ àti bíìmù, kó wà lókè orí ènìyàn. Kò lágbára tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mú igun gan. Kí o sì ṣírò ọ̀nà méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Férémù kì í yẹ̀ sí ọ̀nà tí a ti dì. Ọ̀nà tí a gbàgbé ló ń gbà.

Ènìyàn máa ń bi mí pé báwo ni ìdìmú ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Ìdáhùn rẹ̀ máa ń yà wọ́n lẹ́nu: agbára tó ń fẹ́ kéré. Ìlànà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ṣì ń lò ni ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù òpó. Ṣùgbọ́n agbára nìkan kò tó, ó tún gbọ́dọ̀ gan. Okùn tó dẹ̀ lè lágbára tó láti fa ọkọ̀, síbẹ̀ òpó á ti yẹ̀ kí okùn náà tó nà tán.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní 1978, òrùlé pápá ìṣeré inú ilé tó wà ní Hartford, ní Amẹ́ríkà, wó lulẹ̀ lóru lábẹ́ ẹrù yìnyín. Wákàtí mélòó kan ṣáájú, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù aláwọ̀n. Kò sí ẹni tó fara pa. Lára ohun tí ìwádìí rí ni pé àwọn ọ̀pá òkè òrùlé náà, àwọn tó ń gbé ìfúnpọ̀, kò ní ìdìmú tó ṣiṣẹ́ bí ìṣirò ṣe rò. Lórí ìwé, ìdìmú wà láàárín wọn; lórí òrùlé, ohun tí a pè ní ìdìmú yẹn kò dì wọ́n mú dáadáa. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni pé nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ti rí i pé ó sọ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tí ìṣirò sọ. Ilé ń sọ̀rọ̀, ìwé ni wọ́n gbà gbọ́.

Nísinsìnyí ká wo 2.4 fúnra rẹ̀, ká tiẹ̀ gbà pé ìdí ẹsẹ̀ rẹ dára. Kí kọ̀ǹpútà tó fún ọ ní nọ́ńbà yẹn, ó ti gbà pé gbogbo irin gún bí ìlà orí bébà, pé ẹrù jókòó sí àárín gbùngbùn, pé irin kì í juwọ́ sílẹ̀ láé. Irú òpó bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Nítorí náà, 2.4 ni ibi tí ẹrù kò lè kọjá. Kì í ṣe ibi tó máa dé.

Gbogbo òpó ló ti tẹ̀ díẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Mílímítà kan fún mítà kan gígùn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìṣirò. Gbogbo férémù ló fì díẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n nà á ró. Ẹrù tó ń tẹ orí òpó yóò wá sọ títẹ̀ díẹ̀ yẹn di púpọ̀. Ọ̀nà tí a fi ń mọ iye rẹ̀ rọrùn: pín ẹrù tó wà lórí òpó pẹ̀lú ẹrù yíyẹ̀, yọ ìdáhùn náà kúrò nínú 1, kí o fi èyí tó kù pín 1. Bí ẹrù bá jẹ́ ìdajì ẹrù yíyẹ̀, títẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Bó bá dé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, á di ìlọ́po mẹ́wàá. Tìrẹ, pẹ̀lú 2.4, jẹ́ ìlọ́po 1.71. Eurocode 3, ìlànà Yúróòpù fún iṣẹ́ irin, nínú ẹ̀dà rẹ̀ ti 2005, ní kí a bẹ̀rẹ̀ látorí pé férémù fì ní ìdá kan nínú 200 gíga rẹ̀, kó tó wá fàyè gba àdínkù níbi tó bá yẹ. Fún mítà 4, ìyẹn jẹ́ mílímítà 20. Lábẹ́ ẹrù rẹ, 20 yẹn á di 34. Gbogbo agbára tó ń ti férémù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú, ì báà jẹ́ atẹ́gùn tàbí ohun tó kọlù ú, á tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po 1.71 ohun tí ìṣirò àkọ́kọ́ rẹ fi hàn.

Ìlànà yẹn kan náà ló ní pé bí nọ́ńbà buckling bá tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, o lè má ka ìlọ́po yìí sí nínú ìṣirò férémù tí kò kọjá ibi tí irin ti ń juwọ́ sílẹ̀. Láti 10 wá sí 3, àyè wà láti lo ọ̀nà kúkúrú tí mo ṣe lókè yìí fún férémù alájà kan. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ju 3 lọ, ọ̀nà kúkúrú kò tó mọ́: o gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò lórí férémù tó ti tẹ̀, kì í ṣe lórí èyí tó gún. Ìwọ wà ní 2.4. Ìnira "ìdá kan nínú mẹ́ta" tí o rí yẹn, orí férémù tó gún ni kọ̀ǹpútà ti ṣírò rẹ̀. Tún un ṣe, kí o wo iye tó máa di.

Ọ̀rọ̀ kan lórí àwọn òpó tí kò tín-ín-rín, tí kò sì kúrú. Pín gígùn ìhùwà pẹ̀lú nọ́ńbà ìtànkálẹ̀ tí ìwé ń pè ní radius of gyration. Fún irin megapascal 250, tí ìdáhùn bá ju bí 89 lọ dáadáa, Euler ló ń jọba. Tó bá kéré gan-an, fífọ́ ló ń jọba. Ọ̀pá wa àkọ́kọ́ jẹ́ 400, àṣejù gbáà. Àárín méjèèjì ni ewu pọ̀ sí, nítorí òpó ń juwọ́ sílẹ̀, ó tún ń yẹ̀, ọ̀kan ń ran èkejì lọ́wọ́. Páìpù mílímítà 60 tí mo mẹ́nu bà wà níbẹ̀, nítorí tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 97: ìwé ní tọ́ọ̀nù 6.7, ṣùgbọ́n kò ní dé ibẹ̀. Ooru tó jáde lára irin nígbà tí wọ́n ń ṣe é tún máa ń fi ìnira pamọ́ sínú rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí lójú. Àríyànjiyàn lórí àárín yìí bẹ̀rẹ̀ láti 1889 pẹ̀lú ẹnjiníà Engesser ní Jámánì, kò sì yanjú àfi nígbà tí Shanley tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà tú u ní 1947. Ìwọ kò ní láti tú u mọ́. Lo ìlà tí ìlànà iṣẹ́ ti fà fún ọ, irú irin rẹ sì ni kí o wò kí o tó yan ìlà.

Ní ti ògiri tín-ín-rín, bí ẹsẹ̀ rẹ bá jẹ́ páìpù onígun mẹ́rin, pín ìbú ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú nípọn rẹ̀, kí o fi wé ohun tí ìlànà gbà. Irin pẹlẹbẹ tó bá yẹ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ tó dì í mú ṣì máa ń rí agbára díẹ̀ gbé kiri lẹ́yìn rẹ̀. Sìlíńdà tín-ín-rín kò ní àánú bẹ́ẹ̀: ó lè yẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ìṣirò sọ, tàbí kó kéré sí i, nítorí àbùkù kékeré tí ojú kò rí. Koiter ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní 1945, nínú iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Delft, ní Nẹ́dálándì. Má sì rò pé àánú irin pẹlẹbẹ kò lópin. Ní Melbourne, ní Ọsirélíà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 1970, ara afárá West Gate tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó, ènìyàn 35 sì kú. Apá méjì afárá náà kò dọ́gba, ó fi ju mílímítà 100 lọ; wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù kọnkéré sórí èyí tó ga kó lè sọ̀ sílẹ̀, irin pẹlẹbẹ òkè rẹ̀ wá wú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú bóòtù kí ibi tó wú lè tẹ́jú. Ibi tó wú yẹn, ẹrù ló ń gbé lọ́wọ́.

Ó ku ohun kan tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe fún ọ, ìyẹn wíwo férémù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá nà á ró. Òpó tó fẹ́ yẹ̀ kì í dédé yẹ̀ ní gbogbo ìgbà; ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, títẹ̀ náà á sì máa pọ̀ sí i. Ní Quebec, ní Kánádà, lọ́dún 1907, wọ́n ń kọ́ afárá irin ńlá sórí odò St. Lawrence. Wọ́n ti fi gígùn àárín rẹ̀ kún láti ẹsẹ̀ bàtà 1,600 sí 1,800, wọn kò sì tún ìwọ̀n irin rẹ̀ ṣírò bó ṣe yẹ. Nínú oṣù kẹjọ, àwọn tó wà lórí iṣẹ́ rí i pé ọ̀kan lára àwọn irin ìsàlẹ̀ tó ń gbé ìfúnpọ̀ ti ń tẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n: kò tó ínṣì kan. Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ 27, ó ti lé ní ínṣì 2. Ìjiyàn bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní bóyá bó ṣe tẹ̀ nìyẹn láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹnjiníà tó wà lórí iṣẹ́ wọkọ̀ lọ sí New York láti lọ sọ fún ẹnjiníà àgbà, ìyẹn sì tẹ wáyà pé kí wọ́n má ṣe gbé ẹrù kún un mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dé orí afárá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29, afárá náà wó láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó sì pa òṣìṣẹ́ 75. Irin tó tẹ̀ yẹn jẹ́ irin pẹlẹbẹ mẹ́rin tí wọ́n fi irin kéékèèké so pọ̀. Àwọn irin kéékèèké náà kò tó iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé wọn kò wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà tó ń yí padà ni wọ́n kà bíi nọ́ńbà tó dúró.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ lé férémù rẹ, na okùn tín-ín-rín láti orí dé ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o wọ̀n bí àárín ṣe jìnnà sí okùn kí ẹrù tó dé. Gbé ẹrù náà lé e ní ìpele, bó bá ṣeé ṣe, kí o sì máa wọ̀n. R. V. Southwell fi ọ̀nà kan hàn ní 1932 tí mo fẹ́ràn púpọ̀: ní ìpele kọ̀ọ̀kan, pín iye tó tẹ̀ kún un pẹ̀lú ẹrù, kí o fi ìdáhùn náà ya àwòrán ní ìdojúkọ iye tó tẹ̀. Àwọn àmì rẹ̀ á tò lórí ìlà gígùn kan, bí ìlà náà ṣe ń gòkè yóò sì sọ ẹrù yíyẹ̀ òpó náà fún ọ láìjẹ́ pé o mú un yẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni kí o fi òòlù onírọ́bà lu ẹsẹ̀ náà, kí o wọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n. Bí ẹrù ṣe ń pọ̀, gbígbọ̀n rẹ̀ á máa lọ́ra. Ìwọ̀n gbígbọ̀n náà lọ́nà méjì á máa dínkù lórí ìlà gígùn títí dé òdo, ní ibi tí òpó ti ń yẹ̀.

Kí o tó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ, yí ìdí ẹsẹ̀ sí híńjì nínú kọ̀ǹpútà, kí o kọ nọ́ńbà tuntun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ 2.4. Wo àwòrán bí férémù ṣe ń yẹ̀, má kàn wo nọ́ńbà: bí gbogbo orí rẹ̀ bá ń fì sí ọ̀nà kan, ìdìmú ló ń bẹ̀bẹ̀ fún, bó bá jẹ́ pé àárín ẹsẹ̀ kan ló ń yọ, ẹsẹ̀ yẹn ló tín-ín-rín jù. Fi ìdìmú sí i, tún ìṣirò ṣe lórí férémù tó fì ní mílímítà 20, kí o sì gbé àwọn méjèèjì lé tábìlì wọn.

Ohun kan wà tí o kò sọ fún mi. Ṣé ẹ̀rọ yìí ń yí, àbí ó kàn jókòó ni? Bó bá ń yí, ó ń ti férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́, férémù tó sì gbé ẹrù tó sún mọ́ ẹrù yíyẹ̀ rẹ̀ máa ń lọ́ra ní gbígbọ̀n, ó lè lọ́ra títí yóò fi bá ìyípo ẹ̀rọ náà pàdé. Kọ ìyára ìyípo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àwòrán irin pẹlẹbẹ abẹ́ ẹsẹ̀ àti ibi tí bóòtù wà.